Orúkọ Tí Ọ̀gá Mi Ń Wá fún Akọ Pẹ́pẹ́yẹ

Ọ̀rọ̀ ni mo kó jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn kan kó kòkó, àwọn kan kó ẹja ní Ẹlẹ́yẹlé, èmi kó ọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, mo sì fẹ̀yìn tì nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Màmá, ṣé inú àpò ìrẹsì lẹ ń kó o sí ni?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé rárá, inú páálí bàtà ni. Òótọ́ ni mo sì ń sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó dì mú, tí ẹ ń dúró de èyí tí aráyé yóò máa pàtẹ́wọ́ sí, ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi. Mi ò sọ pé kí ẹ wá ṣe é. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tó lè dùn mọ́ ènìyàn, tó sì lè dunni wọra. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kó, èyí tó gba omi lójú mi jù lọ ni orúkọ tí wọ́n ń pe akọ pẹ́pẹ́yẹ.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Mo kọ́ṣẹ́ títẹ̀wé ní Agbowó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé jáde ní Dùgbẹ̀ fẹ́ ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n ń wá ẹni tó lè tẹ Yorùbá láìgbàgbé àmì orí rẹ̀. Mo lè ṣe é. Wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà ò pọ̀, ebi ò sì pa mí kú. Ó tán.

Ìyà tó tẹ̀ lé e ló gùn. Ilé kékeré kan lẹ́yìn ilé olùkọ́ yunifásítì ní Bódìjà ni ọ́fíìsì wa. Yàrá méjì, tábìlì mẹ́ta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó wúwo bí ọlọ, àti páálí bàtà tí a tò láti ilẹ̀ dé àjà. Inú àwọn páálí wọ̀nyẹn ni káàdì wà, ọ̀rọ̀ kan fún káàdì kan. Ọ̀gá wa, Ọ̀gá Ráúfù, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, fìlà funfun kì í kúrò lórí wọn, tẹ̀súbáà kì í sì kúrò lápò wọn. Wọn kì í pariwo. Ẹ̀yin ọmọ òní tí ẹ rò pé ọ̀gá tó ń pariwo ló le, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ lọ wá ọ̀gá tí kì í pariwo.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Sà, kí ni mo fẹ́ fi kọ̀wé?"

Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o kọ̀wé? Lọ sí ọjà Bódìjà, jókòó ti àwọn onípákó, kí o máa gbọ́."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbọ́. Bí mo bá padà dé, tí mo ní mo gbọ́ báyìí-báyìí, ìbéèrè kan náà ni: "Ta ló sọ ọ́?" Mo ní, "Ọkùnrin kan ni, sà." Wọ́n ní, "Ọkùnrin kan ò lórúkọ ni? Ìyá rẹ̀ ò bí i síbì kan?" Ó di kí n tún padà sínú oòrùn lọ bèèrè orúkọ ọkùnrin. Àwọn onípákó bẹ̀rẹ̀ sí wò mí bí ẹni tó ń wá ọkọ. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ fún mi pé òun ti níyàwó méjì, pé kí n má bínú.

Òfin Ọ̀gá pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ga ju gbogbo wọn lọ: má fi ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nawọ́ sí nǹkan náà, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń pe èyí?" kí o wá pa ẹnu rẹ dé. Bí o bá fi ẹnu ara rẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Yorùbá ò fẹ́ kí àlejò ti ìloro òun lọ pẹ̀lú ìtìjú. Bí o bá bi àgbàlagbà pé, "Ṣé báyìí lẹ ń pè é?" yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni o, ọmọ mi," kí ara lè tù ọ́, kódà bí kò bá gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Mo rò pé eré ni. Lọ́jọ́ kan mo nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ igi tí wọ́n là sọ nù, mo bi onípákó kan pé, "Ṣé èèpo pákó lẹ ń pe èyí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sáré kọ ọ́ sí káàdì, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sọ́jà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n mú káàdì mi, wọ́n ya á sí mẹ́rin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní, "Ọkùnrin náà kí ọ o. Ó ní ọmọbìnrin kan tó gbọ́n gan-an ló wá kọ́ àwọn láná pé èèpo pákó ni. Ó ní báàkì làwọn ti ń pè é tẹ́lẹ̀." Háà! Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Mo rò pé bí mo bá ti pẹ́ níbẹ̀, Ọ̀gá yóò rọ̀. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ń ráhùn. Bí ẹ bá rí bí àwọn ọdún yẹn ṣe ń wù mí padà! A ó dé láàárọ̀, Ọ̀gá á ti ra àkàrà, a ó máa jẹ ẹ́ lórí ìwé ìròyìn àtijọ́, a ó máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa mọ a, ó mọ b, ó mọ d, àmọ́ kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. A ó tẹ̀ ẹ́ tán, a ó wá máa fi bírò kán àmì sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń lé tìróò fún ọmọ. Nígbà tó yá, àwọn ará Dùgbẹ̀ ra rẹ́kọ́dà fún wa. Ọ̀gá kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀. Wọ́n ní bí ìyá àgbà bá ti rí nǹkan dúdú yẹn níwájú òun, bí ẹni ń jẹ́jọ́ ni yóò máa sọ̀rọ̀. Èmi ni mo dá a lábàá pé ká máa fi gèlè bò ó, wọ́n sì gbà.

Ó tó bí ọdún mẹ́rin tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ tó délẹ̀. Ohun ọ̀sìn la ń tò lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá to káàdì sórí tábìlì, wọ́n ń kà á: "Akọ adìẹ, àkùkọ. Akọ ewúrẹ́, òbúkọ. Akọ àgùntàn, àgbò. Akọ pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Akọ pẹ́pẹ́yẹ náà ni, sà."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e sórí orúnkún. Wọ́n ní, "Ìyá mi ní orúkọ kan tí wọ́n ń pè é."

Ọdún mẹ́rin, mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ìyá wọn rí. Wọ́n ní ìyá wọn ń sin pẹ́pẹ́yẹ lágbo ilé bàbá wọn. Bó bá di àárọ̀, wọ́n á da eèrí sínú àwo fífọ́ kan, wọ́n á pe akọ ńlá tó wà láàárín wọn lórúkọ, gbogbo ìyàwó ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ọ̀gá nígbà tí ìyá náà kú.

"Mo rántí àwo náà, Fọlákẹ́," ni wọ́n wí. "Mo rántí ọwọ́ wọn. Mo rántí ẹ̀rín àwọn ìyàwó ilé. Orúkọ náà nìkan ni mi ò rántí. Mo ti kó ọ̀rọ̀ gbogbo ayé jọ tán, mi ò rí ẹyọ kan kó lẹ́nu ìyá mi."

Wọ́n wá kìlọ̀ fún wa, èmi àti Sọ́ńdè tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní a lè wá orúkọ náà káàkiri ìgboro, àmọ́ bí a bá rí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é sí àwọn létí. Ká kọ ọ́ sí káàdì, ká dojú káàdì náà dé nínú páálí. Àwọn fẹ́ kí ó wá sọ́kàn àwọn fúnra rẹ̀ ná. Bó bá wá, a ó ṣí káàdì wò, a ó mọ̀ bóyá ó bára mu. Ṣé ó yé yín? Ohùn ìyá wọn ni wọ́n ń wá. Wọn ò fẹ́ kí ohùn ẹlòmíràn gba ibẹ̀.

Mo wá a. Ẹ̀yin ènìyàn, mo wá akọ pẹ́pẹ́yẹ ju bí ọlọ́dún ṣe ń wá àgbò lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ní Challenge, ìyàwó ṣọ́jà kan lé mi dé títì, ó ní olè ni mí, pé ta ló ń wo ìdí pẹ́pẹ́yẹ lọ́sàn-án gangan bí kì í bá ṣe olè. Gbogbo ibi tí mo dé, èsì kan náà ni: akọ pẹ́pẹ́yẹ. Ó tó oṣù méje tí mo fi ń rìn bẹ́ẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rẹ̀mí.

Létí omi Ẹlẹ́yẹlé ni Ìyá Rẹ̀mí ń gbé. Ẹja ni wọ́n ń yan, wọ́n sì ní pẹ́pẹ́yẹ tó tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo bá wọn to ẹja sórí wáyà tí wọ́n fi ń yan án, mi ò bèèrè nǹkan kan fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí akọ kan wá kọjá, tó ń mi orí, tó ń mi ìrù, mo nawọ́ sí i. Mo ní, "Màmá, kí lẹ ń pe èyí?"

Wọn ò tiẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n ní, "Èwo? Bàbá-ò-fọhùn?"

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ń pè é bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé o gbọ́ kó ké rí? Abo ló ń ké. Òun á kàn máa mí hàà, hàà. Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ, mo bá baba ńlá èyí nílé ni. Ìyá ọkọ mi ló ni ín. Ìyàwó kì í sì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, àbí wọn ò kọ́ ọ nílé yín? Mo ti fún àbúrò ọkọ mi kan ní Adúmáadán, mo fún èkejì ní Ọ̀gá Tíṣà. Àwọn ìyáálé mi wá ní pẹ́pẹ́yẹ yìí náà ṣáájú mi wọlé, kí n fún òun náà lórúkọ. Eré la fi ń ṣe. Mo wò ó bí àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣe ń pariwo mọ́ ọn tí kò fèsì. Mo ní Bàbá-ò-fọhùn. Gbogbo ilé bá gbà á."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀, ibi tó ti wá, gbólóhùn kan ò yẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ mi ló kọ ọ́, etí mi ò gbọ́ ọ. Ayọ̀ ti dí etí mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń rí ni ojú Ọ̀gá bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yẹn.

Mo wọ takisí. Nígbà tí mo fi máa dé Bódìjà, mo ti gbàgbé òfin, mo ti gbàgbé káàdì tó yẹ kí n dojú rẹ̀ dé. Ọ̀gá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Alásárì. Mo sáré lọ bá wọn. Mo pariwo, "Ọ̀gá! Bàbá-ò-fọhùn! Ṣé òun ni, sà?"

Ike omi dúró lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn là bí ojú ọmọdé. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni o! Bàbá-ò-fọhùn! Òun ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà ń fò sókè. Wọ́n tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn wọn lọ sílẹ̀. Wọ́n wò mí.

"Fọlákẹ́, kí lo ṣe yìí?"

Mo ní, "Sà?"

"Ṣé mo rántí ni, àbí o sọ fún mi?"

Ilẹ̀ ò yanu. Bó bá yanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ. Wọ́n rọra gbé ike kalẹ̀, wọ́n ní, "Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi báyìí. Mo ń gbọ́ ọ kedere. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fi síbẹ̀. Mi ò ní mọ̀ mọ́." Wọn ò bú mi. Wọ́n gbé ike, wọ́n tún àlùwàlá wọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ kírun. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré, mo ti tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ rí, mo sì ti kán àmì sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e burú. Ọ̀gá ò ya káàdì mọ́. Ohun tí mo bá gbé síwájú wọn, wọ́n á gbà á. Sọ́ńdè mú ọ̀rọ̀ kan wá tí kò mọ ẹni tó sọ ọ́, Ọ̀gá ní kó fi sínú páálí. Sọ́ńdè wá bá mi níta, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí o. Ọ̀gá ti kú sórí ìjókòó." Mo sunkún nínú yàrá mi ní Agbowó títí ojú mi fi wú. Ọ̀rẹ́ mi kan ti bá mi wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ńlá kan ní Ring Road, ó ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti pinnu láti lọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ni mo ń palẹ̀ tábìlì mi mọ́, mo bá rí káàdì Ìyá Rẹ̀mí. Mo kà á. Mo tún un kà. Ni mo bá gbọ́ ọ wàyí. Ìyá Rẹ̀mí ò bá orúkọ yẹn níbì kan. Àwọn fúnra wọn ló sọ pẹ́pẹ́yẹ náà bẹ́ẹ̀, nínú ilé tiwọn, pẹ̀lú àwọn ìyáálé tiwọn. Ó di pé bí ilé mìíràn bá ní orúkọ fún akọ pẹ́pẹ́yẹ, àwọn ìyàwó ilé náà ló fún un, bí ojú tiwọn ṣe rí i. Mò ń wá ọ̀rọ̀ ìyá Ọ̀gá ní Ẹlẹ́yẹlé àti Challenge, nígbà tó jẹ́ pé agbo ilé wọn nìkan ló ti lè wà.

Mo wọlé tọ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kù nínú àwọn ìyàwó ilé bàbá yín?"

Wọ́n ní, "Ẹnì kan."

"Ta ni, sà?"

"Ìyá Sìkírátù. Ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ lé ìyá mi. Òun àti ìyá mi ò rẹ́. Ọjọ́ tí ìyá mi kú, gbogbo ilé ń sunkún, ó wà nídìí ààrò, ó ń dáná. Kò dìde. Láti ìgbà tí mo ti jáde nílé lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà, n kò kí i mọ́."

Ọ̀gá tó jẹ́ pé ọmọ tó ń ti bárò lọ́jà, "ẹ pẹ̀lẹ́" ni wọ́n á wí fún un, àwọn náà ló wá ń pe àgbàlagbà ní "ó" yìí. Mo ní, "Ibo ni wọ́n wà báyìí?"

"Lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, Sìkírátù, tó ń ta táyà ní Ìwó Road."

Ìwó Road! Láti Bódìjà síbẹ̀, kí ènìyàn tó jẹ ọsàn kan tán nínú takisí ló ti dé. Inú bí mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ohun tí ẹ ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò yín, ẹ sì jẹ́ kí n máa sá fún ìyàwó ṣọ́jà! Ẹ̀yin tí ẹ ní ká lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n, ká bi í?"

Wọ́n dìde. Wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Jáde."

Mo jáde, mo sì gba Ìwó Road lọ tààrà. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn gáréèjì, láàárín òkìtì táyà, mo bá ìyá arúgbó kan lórí ẹní, tí wọ́n ń jẹ àádùn. Eyín tó kù wọ́n lẹ́nu ò pọ̀, àmọ́ ojú wọn ń tàn. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní Ọ̀gá ò rán mi, èmi ni mo rán ara mi. Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pe akọ pẹ́pẹ́yẹ lágbo ilé wọn láyé ọjọ́un. Ìyá yìí rẹ́rìn-ín títí àádùn fi há wọn lọ́fun, mo ní láti bu omi fún wọn.

Nígbà tí wọ́n sinmi, wọ́n ní, "Ẹni tó ni ìbéèrè ni kó wá bèèrè."

Mo ní, "Màmá, inú ń bí wọn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ìyá àwọn kú, ẹ̀ ń dáná, ẹ ò dìde."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "Ṣé ohun tó gbé sínú láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn? Ráúfù?" Wọ́n mi orí. "Ọmọ méje ló wà nílé lọ́jọ́ náà tí ebi ń pa láti àárọ̀. Gbogbo àgbà ń sunkún. Bí n bá dìde, ta ni yóò bọ́ wọn? Lọ bá mi bi í pé ta ló jẹ oúnjẹ yẹn. Òun ni mo kọ́kọ́ bù fún. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún gbé abọ́ wá."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Bódìjà bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ọ̀gá ń gbọ́, ọwọ́ wọn wà lórí tẹ̀súbáà. Nígbà tí mo dé ibi abọ́, ọwọ́ náà dúró. Wọ́n ní, "Ẹ̀wà ni." Wọ́n tún ní, "Ẹ̀wà àti ẹ̀kọ ni." Wọ́n mú fìlà wọn. "Pe takisí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù iṣẹ́ náà kíákíá kí n tó parí èyí, nítorí bí mo bá dé òpin rẹ̀, mi ò ní lè sọ nǹkan mìíràn mọ́. Mi ò lọ sí Ring Road. Ìwé wa jáde lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì dára. Nígbà tó yá kọ̀ǹpútà dé, ó mọ ẹ, ó mọ ọ, ó mọ ṣ, kò sẹ́ni tó ń lé tìróò fún lẹ́tà mọ́. Ọ̀gá ò bá a. Wọ́n ti dolóògbé nígbà náà, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn. Èmi ni mo jókòó sórí àga wọn, mo sì ya káàdì àwọn ọmọ tó wá lẹ́yìn mi sí mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n pè mí ní ìyá líle. Bí iṣẹ́ yìí bá wù yín, ẹ wá etí kẹ́ ẹ tó wá bírò, kí ẹ sì fẹ́ràn àwọn àgbà nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń ṣí. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àkàrà orí ìwé ìròyìn yẹn kì í sọ sí mi lọ́kàn.

Ó di Ìwó Road. Ọ̀gá Ráúfù, pẹ̀lú gíga wọn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín táyà, fìlà wọn yí sílẹ̀. Ìyá Sìkírátù ò sọ pé kí wọ́n dìde. Ìyá náà na ọwọ́, wọ́n gbé e lé Ọ̀gá lórí, wọ́n fi í síbẹ̀. Ìyá wá gbójú sókè wò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, bọ́ síta ná."

Mo bọ́ síta. Mo gbọ́ tí ìyá sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò ròkè. Mo gbọ́ ẹ̀rín, tàwọn méjèèjì, ẹ̀rín àríntàkìtì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ń sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ìyá arúgbó ń wí pé, "Ó tó, Ráúfù, ó tó."

Nígbà tí Ọ̀gá jáde, mo ti mú káàdì àti bírò lọ́wọ́. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, ojú wọn ṣì tutù. Wọ́n ní, "Fi bírò sápò. Orúkọ tí ìyá mi fi ń bú bàbá mi lábẹ́lẹ̀ ni. Gbogbo ìyàwó ilé ló mọ̀, bàbá nìkan ni kò mọ̀. Mi ò lè gbé e fún ayé kà."

A wọ takisí. Ọ̀gá jókòó sápá ọ̀tún mi. Ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí mì. Wọ́n ń pe orúkọ náà, láìsí ohùn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé yóò tún sọnù. Ẹ rántí pé iṣẹ́ mi ni láti máa wo ẹnu ènìyàn. Bí mo bá wo ètè yẹn lẹ́ẹ̀mejì péré, mo ti mọ̀ ọ́n. Ó sì wù mí, Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù mí. Mo yíjú sí fèrèsé, mo ń wo àwọn tó ń lọ létí títì títí a fi dé Bódìjà. Ó ṣì ń wù mí gbọ́ títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ bí wọ́n bá dá mi padà sínú takisí yẹn lónìí, n ó tún yíjú.